Bó-Ṣe-Bọ́ àti Orin Tí Ò Ní Ìparí

Ọjọ́ tí dáìsì yí wọ abẹ́ àga ni gbogbo èèyàn fi ń rántí olóògbé Bó-Ṣe-Bọ́. Olórin ni, ṣùgbọ́n kì í kọ orin sílẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Dáìsì lúdò ló máa ń jù lójú agbo. Nọ́ńbà tó bá jáde ló máa sọ ẹni tí yóò fọn fèrè, ẹni tí yóò ta gìtá, tàbí kí gbogbo wọn dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, dáìsì yí gbirigbiri kúrò lórí pèpéle. Bó-Ṣe-Bọ́ dọ̀bálẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a láàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò.

"Ọmọ mi, ju òmíràn," ìyá àgbà kan bẹ̀ ẹ́.

"Èyí tó bọ́ ti bọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbẹ́sẹ̀."

Àwọn mìíràn ti sùn lọ kó tó rí i. Ó wò ó dáadáa, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì kéde pé kí gbogbo wọn dákẹ́ ni nọ́ńbà náà wí.

Bó bá sì fún àwọn olórin rẹ̀ ní ìwé, ìlà wọ́gọwọ̀gọ àti nǹkan róbótó-róbótó ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ni kí n fọn níbí?" Afunfèrè ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ohun tó bá wù ẹ́."

"Kò sóhun tó wù mí, ọ̀gá. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó dáa. Fọn rírẹ̀ náà."

Ó fọn ún. Àwọn tó gbọ́ ọ ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Inú bí afunfèrè gidi, torí kì í ṣe ohun tó lọ kọ́ níléèwé nìyẹn.

Ìyàwó Bó-Ṣe-Bọ́, nọ́ọ̀sì, ló jẹ ìyà orin náà jù. Á ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, á bá àwọn olórin ní pálọ̀, ẹnì kan á máa ha ìdérí ìkòkò rẹ̀.

"Ọkọ mi, ìgbà wo lèyí máa parí?"

"Orin ló mọ̀."

"Ṣé orin ló máa bá mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?"

Bó-Ṣe-Bọ́ dìde. Ó gba ìdérí náà, ó gbé oúnjẹ ka iná fún un. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ju ọwọ́ sí àwọn olórin pé kí wọ́n wá gbọ́.

Nígbà tí àìsàn mú Bó-Ṣe-Bọ́ lọ, oorun kọ̀, kò kun ìyàwó rẹ̀ mọ́. Àwọn olórin wá kí i. Ibi tó ti ń dá wọn lóhùn lórí àga ni oorun ti gbé e lọ. Wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ tàbí kí wọ́n dúró. Afunfèrè ló kọ́kọ́ fetí sí bó ṣe ń mí, ó sì gbé fèrè sẹ́nu. Bó bá mí sínú, wọ́n á dúró. Bó bá mí síta, fèrè àti gìtá á tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́. Nígbà tó hanrun, ẹ̀rín fẹ́ pa onígìtá, afunfèrè sì fẹsẹ̀ gbún un.

Obìnrin náà yí ẹ̀gbẹ́ padà. Gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?" Kò tiẹ̀ la ojú. "Ó ń ṣe mí bíi pé ọkọ mi wà nílé."