Ìwé Ìṣínu Tó Ṣẹ́kù sí Ìrẹsà

Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń rùn, débi pé bí mo bá ń bọ̀ nílé, ìyá mi á ti mọ̀ kí n tó kí i. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí, ọ̀rẹ́ mi. Táípù ni iṣẹ́ mi. Màá lu ọ̀rọ̀ sórí bébà sítẹ́ńsìlì kan ṣoṣo, ọ̀gá mi á so ó mọ́ ẹ̀rọ, á máa fọwọ́ yí i, ẹ̀dà á sì máa jáde wìtìwìtì. Ohun tí mo bá ṣì lù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa tàn káàkiri.

Lọ́dún yẹn, Ààfáà àgbà kan láti Ọ̀yọ́ gbé ìwé àkókò sààrì àti ìṣínu wá fún wa, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí ní Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìkòyí-Ilé àti Ìrẹsà. Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n mo fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́; àbí mo rò bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ ti di ọjọ́ karùn-ún kí n tó ṣèèṣì wo ẹ̀dà kan tó ṣẹ́kù lórí tábìlì. Ìṣínu ọjọ́ keje, tó yẹ kó jẹ́ aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta, méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo lù síbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú gbáko! Àyà mi já. Gbogbo àwọn èèyàn yẹn máa ṣínu nígbà tí oòrùn ò tíì wọ̀, ààwẹ̀ wọn á bàjẹ́, wọ́n á sì ní ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà. Èébú ni mò ń retí. Ó kàn gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó mí kanlẹ̀.

"Lọ tẹ òmíràn. Ẹni tó bá sì gbé tuntun lọ gbọ́dọ̀ gba ti àtijọ́ bọ̀."

Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ bínú títí. Ó ní bí ẹyọ kan bá ṣì wà lára ògiri lọ́jọ́ keje, kí n máa wáṣẹ́ sí ibòmíràn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, gbogbo ti àtijọ́ ti padà sọ́wọ́ Ààfáà, tó wá jókòó tì wá ní ṣọ́ọ̀bù, àfi ti Ìrẹsà. Ẹni tó lọ síbẹ̀ ní Lèmọ́mù wà lóko, òun ò lè já ti ara ògiri láìgba àṣẹ rẹ̀, òun sì ti ti tuntun bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

"Èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ò tíì dé o," ni Ààfáà wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ."

Òjò ṣú gan-an, a ò tiẹ̀ mọ ibi tí oòrùn wà. Ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ̀kalẹ̀ tì í tòun ti bàtà tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn èèyàn ti jókòó síwájú mọ́sáláṣí, omi wà lọ́wọ́ wọn, máńgòrò wà nínú àwo. Lèmọ́mù, tó ti oko bọ̀ tààrà láì yà sílé, ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìwé mi sì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má tíì ṣínu o!" Ààfáà kígbe látinú ọkọ̀.

Ìyá àgbà kan tó ti gbé ife dé ètè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lèmọ́mù béèrè pé ta ló kọ irú ìwé báyìí. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Ààfáà ti dáhùn.

"Èmi ni mo kà á kó tó jáde, n ò rí i. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n forí jì í. Ogún ìṣẹ́jú tí a fi dúró yẹn gùn ju gbogbo ọjọ́ náà lọ. Nígbà tí àkókò tó, ìyá àgbà yẹn bu omi fún èmi náà. "O kú ìṣínu, ọmọ mi." Mi ò ṣàlàyé kankan fún un. Láti àárọ̀ ni ìbẹ̀rù kò ti jẹ́ kí n fẹnu kan nǹkan, mo sì mu omi náà tán pátá.

Lójú ọ̀nà, mo bi Ààfáà pé kí ló dé tó fi gbé ẹ̀bi mi rù. Ó ní, "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo kà á. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Màá tẹ bọ́tìnnì kan, ìròyìn kan náà á lọ sórí ojú ìwé mẹ́rin-márùn-ún lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á sì ní ó ti dé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo tún ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààfáà jù. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tún gbé ìwé tirẹ̀ wá. Ọ̀gá mi nawọ́ gbà á kó lè fún ẹlòmíràn tẹ̀. Ààfáà ní rárá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó fa àga jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò náà sí mi létí níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti forí jì mí láyé yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan ló tún gbé iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ lé mi lọ́wọ́.