Ẹran Róbótó Tí Mo Ń Sè fún Bàbá Mi

Ẹja ni bàbá mi fi dàgbà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn tí Ọlọ́run kò fún ní ọ̀sà ló ń jẹ màlúù. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, tí apá òsì wọn kú, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn náà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, mo lọ kó wọn wá sílé wa ní Ìkòròdú. Dókítà ní kí wọ́n má jẹ ohun tó le, kí wọ́n má sì fojú kan ẹja eléegun. Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ mímu fi sú wọn.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi ló kọ́ mi ní ẹran róbótó. Èèyàn á lọ ẹran màlúù kúná, á da ìrẹsì tí a kò tíì sè mọ́ ọn pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, á ṣù ú róbótó bí àkàrà, á wá jẹ́ kó rọra máa jinná nínú ọbẹ̀ tòmátò títí ìrẹsì yóò fi wú sínú ẹran. Ìdájí ni mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, nítorí náà ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń se ti gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo ń pín in sínú ike, mo ń kó o sí fírísà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, nítorí ẹran bàbá mi ni jẹnẹrétọ̀ wa ṣe ń pariwo, kì í ṣe nítorí tẹlifíṣàn.

Kí n tó kó o sínú ike, mo máa ń tọ́ ọ̀kan wò láìfi eyín kàn án. Ahọ́n ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu. Bí hóró ìrẹsì kan péré bá le, gbogbo ìkòkò á padà sórí iná. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń jẹun bí arúgbó, ṣùgbọ́n n kì í lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi dé, mọ́ínmọ́ín lásán há wọn lọ́fun lójú mi. Ojú wọn yí, ètè wọn dúdú, kí ọkọ mi tó gbá wọn lẹ́yìn tó fi jáde. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù mi bá dún níbi iṣẹ́, àyà mi á já kí n tó wo ẹni tó ń pè.

Láràárọ̀ ni mo ń gbé ẹran náà kaná, tí mo ń kó o sínú kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aládùúgbò wa kan a máa yọjú sí wọn títí ọmọbìnrin mi á fi dé láti ilé ìwé láti ṣí kúlà fún wọn. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, kúlà á ti ṣófo, inú mi á sì dùn. Bí mo bá fẹ́ bu oúnjẹ alẹ́, wọ́n á ní ẹran ọ̀sán ṣì wà níkùn àwọn, pé ẹ̀kọ díẹ̀ ti tó.

Síbẹ̀, wọ́n ń gbẹ. Egungun èjìká wọn yọ síta, òrùka wọn ń bọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń jẹun tó sì ń rù, kí ni ìbá máa ṣe é bí kò bá ṣe àìsàn burúkú? Mo gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló wá já mi láyà jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí a ó ṣe gbé òkú wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara mi kò yá níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bàbá mi pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ó ń jẹ ẹran tó kẹ́yìn nínú kúlà.

"Mọ́mì, Bàbá ni wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹran kù fún mi," ló wí.

Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Nílé wa, àgbà kì í jẹ ẹran tán láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọdé. Bí bàbá mi náà ṣe ń ṣẹ́ ẹja kù fún mi ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ kù nígbà náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ lọ pààrọ̀ aṣọ. Inú ń bí mi. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ọbẹ̀ mi ni kò dùn.

"Ọbẹ̀ rẹ dùn, ọmọ mi." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ látìgbà àìsàn, mo ní láti sún mọ́ wọn. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bó bá há mi lọ́fun, ọmọ yìí nìkan ló máa wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa wo ikú mi."

N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn, àwọn tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà Èjìnrìn nígbà tí ìjì ń jà. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń bẹ̀rù nínú ilé yẹn.

Mo lọ gbé ẹran inú ike kan kaná, mo jókòó kojú wọn. Wọ́n wò mí títí kí wọ́n tó fi ẹran sẹ́nu. Mo tẹjú mọ́ gògóńgò wọn. Ó gòkè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wá la ẹnu, wọ́n gbé ahọ́n sókè bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn, kí n lè rí i pé ó ti lọ. Mo wo inú ẹnu bàbá mi dáadáa. Mo bu èkejì fún wọn.