Bàtà Ọdún Tó Ń Bọ̀

Nígbà tí èmi náà ṣì kéré, tí mo ń sáré kiri nínú ọyẹ́ Jos láìwọ bàtà, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni wọ́n máa ń ra bàtà Kérésì fún wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ bi mí: bàtà Kérésì wo ni wọ́n ń rà nígbà tí Kérésì ti lọ? Ti ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ.

Pákó ni bàbá wa ń tà ní ọjà Katako, Nasarawa Gwong ni a sì ń gbé. Ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje. Owó pákó kò lè ra bàtà méje nígbà tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn oníbàtà ti gbé owó lé ọjà wọn bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi rán an. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ojú wọn á wálẹ̀. Ọjà tó ṣẹ́ kù, wọ́n á dà á sórí tapólì nílẹ̀ ní ọjà àárín ìlú, wọ́n á máa pariwo, "Gwanjo! Araha! Araha!", ìyẹn ni pé ọjà ti rọ̀, kí olówó kékeré máa bọ̀. Ìgbà yẹn ni àwa máa ń rà. Bí bàtà bá délé, inú àpótí onírin ńlá tó wà ní yàrá bàbá wa ló ń lọ, pẹ̀lú kàfúrà, ó di Kérésì mìíràn kí a tó tún fojú kàn án.

Ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ra bàtà náà kó tóbi jù wá lọ. Iṣẹ́ Ìyá Kékeré nìyẹn. Ìyàwó kejì bàbá wa ni. Ìyá mi ni ìyáálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Kékeré á fi òrí pa ẹsẹ̀ wa tí ọyẹ́ ti là, á wá gbé ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà á fi ìbú ìka rẹ̀ kan kún un, kó tó gé e.

"Ìka yìí, ti ọdún tó ń bọ̀ ni," ló máa ń wí. "Ẹ ó dàgbà kún un o."

Gbogbo wa á dáhùn pé, "Àmín!"

Á so òwú sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ara wọn. Tèmi jẹ́ pupa. Búlúù ni ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí a sì jọ ń sùn lórí ẹní kan. Mo fẹ́ràn Ìyá Kékeré. Mo ní láti sọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Òun ló ń di irun mi, torí pé ọwọ́ ìyá mi le jù.

Ìyá mi kì í bá a lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Kérésì, a ti gbé ìrẹsì àti ẹran kiri ilé àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Hausa àti àwọn ará Ìlọrin. Ní ọjọ́ kejì ni abọ́ máa ń padà, kì í sì í padà lófìfo. Dàbínù á wà nínú òmíràn, obì á wà nínú òmíràn, màsà gbígbóná tí wọ́n fi ìrẹsì dín á wà nínú ti Hajia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ìyáálé ló yẹ kó jókòó gbà á, kó sì dúpẹ́. "Barka da Kirsimeti!" "Yauwa, barka dai!" Ìkíni Kérésì lédè Hausa bẹ́ẹ̀ ló máa ń gba ilé wa kan láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa wọ bàtà funfun kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì, ó ń ró kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì. Èmi wọ bàtà tó ti lo ọdún kan nínú àpótí, tó ń rùn kàfúrà, tí wọ́n ki òwú sí imú rẹ̀ kó má baà bọ́. Inú bí mi. Mo fẹ́ bàtà tí n ó wọ̀ ní ọdún tuntun, kì í ṣe èyí tí n ó máa dúró dè. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nìyí: bí bàtà náà bá wọ̀ mí gẹ́ẹ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún? Wọ́n á ní kí n máa wọ̀ ọ́ kó tó kéré mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Ìyá Kékeré wọlé lọ múra ọjà, mo mú igi tèmi lójú fèrèsé, mo gbé e wọ yàrá ìyá mi, mo fi ọ̀bẹ gé ìka ọdún tó ń bọ̀ kúrò. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Ìdí ibi tí òwú wà gan-an ni mo gé, mo sì gé ju ìka kan lọ. Mo fa òwú pupa mìíràn yọ lára búláńkẹ́ẹ̀tì mi, mo so ó mọ́ ìyókù, mo sì ju èyí tí mo gé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sán ni Ìyá Kékeré dé. Bàtà funfun ló rà fún mi. Ó ní òun rí bí mo ṣe ń wo ti ọmọ tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì wá irú rẹ̀ káàkiri ọjà títí òun fi rí i.

Bàtà náà kò wọlé. Mo tì í, mo tẹ̀ ẹ́, gìgísẹ̀ mi ṣì wà níta. Ti ọmọ rẹ̀ sì tóbi dáadáa, bó ṣe yẹ kó rí.

Ìyá mi, tó ń nu abọ́ lọ́wọ́, gbé e sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo bàtà. "Ìyàwó," ó ní, "bàtà èṣí ṣì tóbi fún ọmọ yìí lánàá. Èyí tí o rà de ọdún tó ń bọ̀ kò gbà á lónìí. Kí lo mọ̀ nípa ọmọ mi tí èmi ò mọ̀?"

"Ìyáálé mi, haba! Igi tí mo fi wọ̀n ọ́n náà ni mo mú lọ." Ó tú igi náà ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹsẹ̀ mi lójú gbogbo wa. Igi náà kò dé orí àtàǹpàkò. Ó ń yí igi náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì gbójú sókè wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà lọ bá oníbàtà. "Ba mayarwa," ni ọkùnrin náà sọ fún un. Ọjà ẹ̀yìn Kérésì, bó bá ti kúrò nílẹ̀, kì í padà.

Bóyá ìjà náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọyẹ́ ló fà á, ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ni ibà náà mú. Lójú ìyá mi, kì í ṣe ibà lásán. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí mi. Obìnrin tó ń fi ìka kan gbàdúrà fún ọmọ lọ́dọọdún, tó wá yọ ìka náà kúrò lọ́dún yìí, kí ló ń rò? Kò jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ ọwọ́ Ìyá Kékeré mọ́, kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan orí mi mọ́. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ì bá tán an. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́? Ẹgba. Ẹgba mẹ́fà péré ni mo ń sá fún.

Bàbá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ariwo ni kò fẹ́. Kí oṣù kìíní tó parí, ó gba yàrá kan fún Ìyá Kékeré ní Farin Gada, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tòmátì, ó ní kó lọ fara mọ́ ibẹ̀ ná títí ilé yóò fi rọ̀. Ilé kò rọ̀. Tòmátì ló ń tà tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ tí a jọ ń sùn fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, ó ń bá a to tòmátì sínú apẹ̀rẹ̀. Èmi ń lọ sílé-ìwé ní tèmi. Kérésì tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ra bàtà tuntun fún mi kí Kérésì tó dé, ní owó gọbọi, kí gbogbo àdúgbò lè rí i pé mo ṣì wà láàyè. Ó wọ̀ mí gẹ́ẹ́. Kò sí bàtà tí mo kórìíra tó o láyé mi.

Bí wọ́n bá rán mi lọ sí Farin Gada, mo máa ń gba ẹ̀yìn ọjà kí n má baà kọjá níwájú wọn. Lọ́jọ́ kan Ìyá Kékeré rí mi. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "O ti dàgbà kún un," ó sì bu tòmátì sínú agbọ̀n mi. Nígbà tí mo délé, ìyá mi dà á nù.

Mo ti di abiyamọ kí n tó rí ẹnu sọ òtítọ́, Ìyá Kékeré sì ti kú nígbà náà. Ọjọ́ tí a sin ín ni mo padà wálé, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí èyí tí o gé nígbà tí mo gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òwú pupa ṣì wà nídìí rẹ̀. Ibà kò tíì lọ lára rẹ nígbà yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ilé ti fẹ́ di tèmi nìkan," ó ní. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́. Ẹni tí irọ́ náà pa lára ló ti wà nínú ilẹ̀. Ìyá mi náà ti lọ báyìí, mi ò sì mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ níbi tí wọ́n wà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Abọ́ kì í kọjá láti ilé dé ilé mọ́ ní ọjọ́ kejì Kérésì bíi ti àtijọ́. Àdúgbò ti pín, Mùsùlùmí lọ́tọ̀, Kìrìsìtẹ́nì lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà oníkálukú sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọmọ ọmọ mi ra bàtà lórí fóònù ní èṣí, wọ́n gbé e wá bá a nílé, ó kéré jù, wọ́n sì wá gbà á padà láìsí ìjà. Mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń fún ọlọ́kadà ní páálí bàtà náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ̀ ń sunkún?" Mo ní eruku ọyẹ́ ni.

Mo ti lọ sí Farin Gada lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Kékeré tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti kó lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. Ìwọ tí a jọ sùn lórí ẹní kan, bí ẹnì kan bá ka èyí sí ọ létí, gbọ́: ìyá rẹ wọn igi náà pé, èmi ni mo gé e. Gígùn ẹsẹ̀ mi ni, àti ìka kan.