Ọjọ́ tí Ọmọ Mi Ní Kí Ìjọ Gbàdúrà fún Ẹranko

Ọmọ mi nìkan ló lè kó irú wàhálà yẹn bá mi. Sunday ọjọ́ìbí rẹ̀ ni, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá ní Thamesmead, ní London. Nínú ìjọ wa, ọlọ́jọ́ìbí a máa sọ ohun tó ń fẹ́, gbogbo wa a sì bá a gbàdúrà lé e.

Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀sì tí n kò lè wà ní Woolwich, kò sì sí ẹni tó mọ ọmọ tọ́ tó mi. Láti ọjọ́ Monday ni mo ti ń kọ́ ọ pé bí Baba Ìjọ bá bi í, kó ní dókítà lòun fẹ́ dà. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní Powis Street ni mo ti sọ fún.

A jó dé iwájú. Baba Ìjọ na máìkì sí i. "Ọmọ dáadáa, kí ni ká bá ọ tọrọ?"

"Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí sloth má kú tán."

"Kí ni?"

Ó ní ẹranko kan ni, tí ń so rọ̀ lórí igi ní South America, tí kì í yára. Tíṣà fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ń gé igbó tó ń gbé, kò sì lè sáré wá ibòmíràn lọ.

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá kan tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì kígbe láti ẹ̀yìn: "Ìyàwó mi ò tíì rí físà gbà, ẹranko tí ń sùn látàárọ̀ dalẹ́ la fẹ́ gbàdúrà fún!"

Baba Ìjọ gan-an rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ lé orí ọmọ, ó ní Ọlọ́run yóò sọ ọ́ di dókítà. Ìjọ ní, "Àmín!" Ọmọ mi di ẹnu rẹ̀ pa. Omi dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò níwájú ìjọ.

Inú bí mi sí i, torí ó dójú tì mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i, èmi ni mo lè bá a wí. Ta wá ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín? Mo gba máìkì.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ta ló rántí òfàfà nínú yín?"

 Mo bá ké bí ẹranko náà ṣe máa ń ké lóru lórí igi lóko bàbá mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ké tó mi. Àwọn ọmọdé di etí.

"Mo sùn lóko lésìí, n kò gbọ́ ọ. A ti gé igi rẹ̀, a ti pa á jẹ. Àwọn ọmọ àbúrò mi ní irọ́ ni mo ń pa! Ọmọ yìí ti sọ fún mi nílé pé kòkòrò ń gbé inú irun sloth, ewéko ń hù níbẹ̀. Tó bá lọ, wọ́n bá a lọ nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ dá a, tí ẹ ń pè é ní olóorun?"

Mummy àgbà kan níwájú mirí. "Òótọ́ ni. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ igbe yẹn o." Ó kúnlẹ̀. "Baba, ẹ gba àdúrà tí ọmọ ní ká gbà."

Baba Ìjọ yíjú sí ọmọ náà. "Tún orúkọ ẹ̀ pè fún mi."

Ó pè é. A gbàdúrà. Àmín ọmọ mi ló ròkè jù.

Mo ń retí ọpẹ́ bí a ti ń jáde. Ó ní, "Daddy, ẹ pariwo jù. Friends mi wà níbẹ̀."

Ọjọ́ìbí ẹ̀ ló jẹ́ kí n dákẹ́.