Jíìpù Tí Kò Kúnlẹ̀ fún Géètì

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa léèrè irú èèyàn tí Bàbá Jíìpù jẹ́, ìtàn géètì ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Wẹ́dà ni bàbá náà kí ọlọ́jọ́ tó dé. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe jẹun, ó sì gbà pé kò sí ohun kan láyé yìí tí irin díẹ̀ sí i kò lè tún ṣe. Jíìpù kékeré kan wá bọ́ sí i lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò ó yíká. Ó ní ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó kúrú bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ló bá ti ara rẹ̀ mọ́ àgbàlá. Ó gbé sípíríǹgì tó ga sí i sábẹ́ ọkọ̀, ó fi taya ńlá eléyín gbàgàgbàgà sí i, ó jó irin gbàǹgbà mọ́ iwájú rẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n irin lé orí òrùlé. Nígbà tó ṣe tán, jíìpù kékeré ọjọ́sí ti di ọkùnrin. Bàbá gun inú rẹ̀, ó fọn fèrè, ó dojú kọ géètì, ó sì dúró. Agbọ̀n òrùlé ti ga ju irin tó tẹ̀ kọjá lókè géètì lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Bàbá Jíìpù kò wo géètì kó tó gbé ọkọ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ṣe géètì náà.

Ọ̀rọ̀ wá sú u. Bó bá gé irin géètì, àwọn oníbàárà tó ti fọwọ́ sọ̀yà fún pé géètì òun kì í ṣe ohun tí à ń gé yóò gbọ́. Bó bá sì rẹ jíìpù sílẹ̀, kí ló gbé e sókè fún? Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, yọjú lókè ògiri. Ó ní kí bàbá tú afẹ́fẹ́ taya sílẹ̀ díẹ̀, kí ọkọ̀ rẹlẹ̀, kó rọra gba abẹ́ irin kọjá. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Jíìpù kò fi gbà á.

“Olùkọ́, ẹ ṣeun,” ó ní. “Ṣùgbọ́n jíìpù mi ò ní kúnlẹ̀ fún géètì.”

Ó gbé ṣọ́bìrì, ilẹ̀ ló sì gbẹ́. Ó gbẹ́ ẹ gùn, ó gbẹ́ ẹ jìn, títí ọkọ̀ fi lè sọ̀ kalẹ̀ níbí, kó gba abẹ́ géètì kọjá, kó tún gòkè lọ́hùn-ún. Kó tó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, òjò dé, kòtò sì kún fún ẹrẹ̀. Ó wa jíìpù wọ inú rẹ̀. Taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ ta dé ara ògiri olùkọ́, ọkọ̀ sì jáde sí títì. Bàbá bọ́ọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó ní kí aráyé wá wo ọkọ̀ tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Ẹrẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àdúgbò náà nìyẹn, òun ló sì gbẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ò tó o mọ́. Taya rẹ̀ tóbi débi pé ó ń ha mọ́dígáàdì bó bá fẹ́ yà sí òsì. Mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó gbé ọkọ̀ wá kí àwọn gé etí mọ́dígáàdì náà. Bàbá ní ọwọ́ òun dí. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Bàbá Jíìpù ń yà. Bó bá ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tó wà lápá òsì, yóò yà sí ọ̀tún, yóò tún yà sí ọ̀tún, yóò yí gbogbo ìlú po, yóò sì kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ó ní ọ̀nà kì í jìn lójú ẹni tó ní ọkọ̀ gidi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fa páìpù kan láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí lọ sókè òrùlé, kí omi má baà wọlé bí ọkọ̀ bá ń la odò kọjá. Olùkọ́ tún yọjú. Ó rán an létí pé odò kan ṣoṣo ló wà nítòsí, afárá sì wà lórí rẹ̀.

“Afárá lè wó,” ni Bàbá Jíìpù wí.

Olùkọ́ wọlé lọ. Wọ́n ní láti ìgbà náà ló ti máa ń bẹ abẹ́ afárá wò kó tó gun orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí gbogbo irin wọ̀nyí kò wọ̀ lójú. Ẹni tí Bàbá Jíìpù fẹ́ kó jókòó síwájú ọkọ̀ náà jù ni ìyàwó rẹ̀, òun gan-an ni kò sì lè wọ̀ ọ́. Télọ̀ ni ìyá náà, orúnkún sì ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ kìíní, ó dúró ti ilẹ̀kùn jíìpù, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò débẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ ti ṣe ọkọ̀ tó ń gun òkè,” ó ní. “Ta ló máa wá bá mi gun ọkọ̀?”

Bàbá jó àkàbà irin kékeré kan fún un. Ìyá wò ó, ó ní òun ò lọ fi ọ̀dà kun òkè ilé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dun Bàbá Jíìpù wọra, kò sì fi pa mọ́. Kí ni ìwúlò ọkọ̀ tó lè dé ibi gbogbo bí aya ẹni bá ń fẹsẹ̀ rìn? Láràárọ̀, yóò máa wa jíìpù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, fèrèsé á wà ní ṣíṣí, wọn á sì jọ máa sọ ọ̀rọ̀ ilé, òun lókè, ìyá nílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa fọn fèrè. Ìyá á ní kó máa lọ, inú ń bí àwọn èèyàn. Òun á ní kí wọ́n gba inú gọ́tà kọjá bí ọkọ̀ wọn bá tó ọkọ̀.

Nígbà tó yá, olùkọ́ rí i tó ń fi tépù wọn àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ ń gùn láìráhùn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún gbé ṣọ́bìrì, ó ń gbẹ́ kòtò géètì gùn wọ inú àgbàlá, ó sì ń fi símẹ́ńtì dán etí rẹ̀. Olùkọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní gọ́tà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá gbé báàgì jáde, ó bá jíìpù nínú kòtò. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọkọ rẹ̀ sì wà nídìí ọkọ̀.

“Ó kọ̀,” ni bàbá wí. “Kò fẹ́ jáde.”

“Ọkọ̀ tó ń gun òkè ni kòtò mú?”

“Ó ya èmi náà lẹ́nu.”

Ìyá wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kò ga ju àtẹ̀gùn ilé ìdáná rẹ̀ lọ. Ó wo etí kòtò tó ń dán. Ó wo ọkọ rẹ̀, tó tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní òun á jókòó díẹ̀, kí òun fi sinmi orúnkún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wọlé. Kò tíì gbé báàgì lé itan tán tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, pèpéle gíga iwájú ibẹ̀ ni bàbá fẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tì, ìyá sì bọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, inú kòtò ló ti ń wọ ọkọ̀. Kò sì sí àárọ̀ kan tí jíìpù kò kọ́kọ́ kọ̀.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí bàbá fi lọ. Lórí àga ló wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kọjú sí jíìpù rẹ̀. Ó dùn wá, ó sì ń dùn wá títí di òní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, kó yanrìn wá láti dí kòtò náà. Ire ló fẹ́ ṣe. Àlejò ń jìn sínú rẹ̀, òjò sì ń kún un. Ṣùgbọ́n ó bá ìyá rẹ̀ nínú jíìpù, nínú kòtò, báàgì lórí itan. Ó ní kí màmá jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Bàbá rẹ ní jíìpù òun ò ní kúnlẹ̀ fún géètì,” ni ìyá wí. “Ibí yìí ló ti ń kúnlẹ̀ fún mi láràárọ̀. Má dí i.”

Olùkọ́, tó ti yọjú láti fún wọn nímọ̀ràn, rọra padà wọlé. Ọmọ náà ní kí wọ́n kó yanrìn padà. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lápá.

“Pa á ná. Bàbá rẹ máa ń kọ́kọ́ ní ó kọ̀ ni.”

Ọmọ náà pa á. Ó tẹjú mọ́ iwájú.

“Màmá, ó kọ̀,” ó ní.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ tún ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n gba abẹ́ géètì kọjá, wọ́n sì gòkè sí títì.