Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Mi Fojú Gbọ́ Ẹ́ńjìnnì

Òórùn ọ́ìlì dúdú tó ti rin ilẹ̀ pupa gbingbin ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, lójú ọ̀nà tó jáde ní Ìlá lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó wá máa jẹun n'Ìbàdàn. Ìwọ náà kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, o mọ bó ṣe rí. Èèyàn lè ti gba fírídọ̀ọ̀mù, kó ti kọ́lé, kó ti láya. Bó bá padà dé iwájú ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ náà ni.

Etí ni ọ̀gá mi fi ń ṣiṣẹ́. Á ní ká yọ fíúsì pọ́ǹpù epo kí ọkọ̀ má baà jí, ká wá máa yí kọ́kọ́rọ́ lásán. Á dijú, á fi ìdí sukudiráfà sétí, á ti ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Sìlíńdà tó bá ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, sítátà máa ń jìjàkadì kó tó ti í kọjá. Èyí tó bá ń jò, wẹ́rẹ́ báyìí ni. Ìró yẹn lọ̀gá máa ń gbọ́, gìn-gìn-gìn-gẹ̀rẹ̀, á sì ní, "Ọ̀kan ń tiro níbẹ̀." N kò rí i kó ṣì í rí.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, mo wálé wá ṣọdún. N kò tíì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó ọ̀gá fi fà mí sẹ́yìn páànù. "Etí ọ̀gá ẹ ti ń lọ o, kò sì jẹ́ sọ fẹ́nì kan. Àwọn ọmọ ní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó máa bọ̀ l'Ékòó. Bó bá lọ jókòó lásán níbẹ̀, àárẹ̀ ló máa pa á."

Ìgbà náà ni bàbá olóbì kan láti Iresi gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kò lè gbé ẹrù gun òkè Ìgbájọ mọ́. Ọ̀gá ti bá a tún un ṣe rí, kò san. Ó wí i kedere pé bí kò bá san lọ́tẹ̀ yìí, Òṣogbo lòun ń gbé e lọ, òun á sì sọ fáwọn olóbì tó kù. Àwọn olóbì yìí ló kù tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Ọ̀gá fi sukudiráfà sétí, èmi yí kọ́kọ́rọ́. Níbi tí mo jókòó sí nínú ọkọ̀, mò ń gbọ́ ọ ketekete pé ọ̀kan ń tiro. Ọ̀gá yọ sukudiráfà, ó nu etí rẹ̀, ó tún fi í sí i.

"Gbogbo ẹ̀ ló pé," ló wí. "Ká pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì."

Bàbá olóbì wojú mi. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣì í. Ta ló máa sọ fún ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, lójú oníbàárà, pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Mo wá rántí ẹ̀rọ tí mo gbé sínú báàgì. Kò tóbi ju fóònù ńlá lọ. Ojú rẹ̀ máa ń fi ìlà ya bí iná bátìrì ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù, ó sì ní ẹ̀mú kan téèyàn máa fi há wáyà bátìrì láìtú nǹkan kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, kò yé mi tó." Ó yé mi yékéyéké, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Mo há ẹ̀mú náà mọ́ wáyà tó ń lọ sí sítátà, mo gbé ojú ẹ̀rọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ebè iṣu lóko: mẹ́ta dọ́gba, ọ̀kan kúrú. Mẹ́ta dọ́gba, ọ̀kan kúrú. Ọ̀gá ní kí n tún un yí. Mo tún un yí. Mo rí i tó ń mi orí, tí ètè rẹ̀ ń bá ìlà náà lọ, gìn-gìn-gìn-gẹ̀rẹ̀. Bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kó tó gbà kí n dúró.

"Ohùn ẹ̀ rè é," ló wí. Omi ti dé ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí bàbá olóbì. "Ẹ má bínú. Etí mi ti lọ. Àmọ́ ojú mi ń bẹ."

"Etí ta ni ò ní lọ?" ni bàbá náà dáhùn. "Èmi náà kì í gbọ́ ohun tíyàwó mi ń sọ mọ́. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Mo fi wáyà kejì tó wà lára ẹ̀rọ náà mọ́ ti púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ ká lè mọ ibi tí a ó ti máa ka ebè náà. Sìlíńdà kẹta ló ń jò. Ọ̀gá tú orí ẹ́ńjìnnì, ó bá fáàfù tó ti jóná létí. Nígbà tó tún un ṣe tán, píkọ́ọ̀pù gun òkè Ìgbájọ tòun tẹrù. Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un, mo lọ ra òmíràn. Kò sì lọ sí Èkó mọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ká máa bo àléébù àgbà mọ́lẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ayé mọ̀ pé òun ò gbọ́ràn ni ọ̀gá mi ń bẹ̀rù. Kó má sí ohun tí òun á máa fọwọ́ òun ṣe mọ́ ni. Bó ṣe rí iṣẹ́ rẹ̀ padà báyìí, fúnra rẹ̀ ló la ẹnu sọ ọ́.

Kò lè gbọ́ mi lórí fóònù, nítorí náà fọ́tò ló máa ń fi ránṣẹ́: ojú ẹ̀rọ náà, ebè mẹ́rin, láìsí ẹ ǹlẹ́ kankan. Bí ọ̀kan bá kúrú, màá mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé; bí gbogbo wọn bá dọ́gba, màá mọ̀ pé ó ti ṣe é yanjú, ara rẹ̀ sì le. Èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa títí ó fi kú. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an ni. Di òní olónìí, bí ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba lójú ẹ̀rọ mi, màá ti yọ fóònù, màá ti yà á tán, kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí màá fi ránṣẹ́ sí.