Ilá Onírun Tí Afínjú Ń Fà Tu

Afínjú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ilé ìpamọ́ irúgbìn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó oríṣiríṣi irúgbìn ata, ilá àti tòmátò sínú àpò kéékèèké nínú yàrá tútù. Bí irúgbìn kan bá ti ń darúgbó, Afínjú á gbìn ín, á sì ká tuntun fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé kó máa mú irúgbìn lára gbogbo igi dọ́gba, àti èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni. Èyí tó bá dára jù ni wọ́n ń yan ṣe irúgbìn nílé wọn. Ta ni yóò fi ilá ràrá sílẹ̀ láàárín ebè tó tọ́ gbọnrangandan? Wọ́n kúkú ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ilá kan wà tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ mú wá síbẹ̀. Púpọ̀ nínú igi rẹ̀ ga, ọmọ wọn sì ń dán. Ìwọ̀nba díẹ̀ jẹ́ ràrá, irun ara wọn sì ń yún ni lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbìn ín ni Afínjú ń fa àwọn onírun tu kí wọ́n tó yọ òdòdó.

Àfìgbà tí àrùn kan wọ oko àwọn àgbẹ̀, tí ewé ilá ń pọ́n, tó ń ká kò, tí igi sì ń kú. Obìnrin tó máa ń da oríṣi ilá pọ̀ láti mú tuntun jáde wá béèrè ilá bàbá Afínjú. Ó ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dán an wò, àrùn yìí kò ran àwọn kan nínú rẹ̀. Wọ́n gbìn ín. Gbogbo rẹ̀ ga, gbogbo rẹ̀ rẹwà, gbogbo rẹ̀ sì ká kò. Afínjú bi obìnrin náà pé irú èwo ni kì í kú nígbà náà.

"Àwọn ràrá onírun ni."

Ojú ti Afínjú, ẹ̀rù sì bà á. Ó sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ní kó pe bàbá rẹ̀ wò, bóyá díẹ̀ ṣì kù nílé.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe gbọ́ ìbéèrè náà lórí fóònù.

"Ilá ọdún burúkú nìyẹn. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dà á pọ̀ mọ́ èyí tó dára. Ṣùgbọ́n mi ò gbìn ín mọ́, ọmọ mi. Ṣebí ọwọ́ rẹ ló wà?"